Ta Ni Ó Pa Wọ́n ní Whitechapel?

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé yìí ti pẹ́ gan-an, síbẹ̀ kò tíì tán. Láàárín ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ àti ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1888, ẹnìkan tí a kò mọ̀ títí di òní pa obìnrin márùn-ún ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní Whitechapel àti agbègbè rẹ̀. Òru ni ó ń jáde, ọ̀bẹ ni ó ń lò, ọ̀fun ni ó kọ́kọ́ ń gé. Àwọn ọlọ́pàá wá a títí, kò sí ihò tí wọn kò yọjú wò, wọn kò rí i mú. Jack the Ripper tí gbogbo ayé ń pè é kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọmọ. Inú lẹ́tà kan ni wọ́n ti rí i, a ó sì dé orí lẹ́tà náà láìpẹ́.

Láti ìgbà náà wá, àwọn tí a ti dárúkọ pé àwọn ni apànìyàn náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ọba wà nínú wọn, oníṣègùn wà, ayàwòrán wà, lọ́yà wà, onígbàjámọ̀ sì wà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbẹ́yìn nínú àríyànjiyàn yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin di Druitt mú ṣinṣin, kò sì ṣetán láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Òmíràn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ìborùn kan tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ ti parí ẹjọ́ náà ní ọdún 2014, àti pé ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, ẹnu rẹ̀ ló ń yún un. Èdè ni èmi ń kọ́ ní tèmi, ojú èdè ni mo sì fi wo ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ti ń kà á ni mo ń rí i pé orí ọ̀rọ̀ lásán ni ìfura sí àwọn tó lókìkí jù nínú wọn dúró lé: igbe kan tí ọkùnrin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ lóru, ìlà kan tí a kọ sára ògiri tí a sì nù kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́tà tí ó jọ pé akọ̀ròyìn ló kọ ọ́, àti ohun tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá rántí nígbà tí wọ́n darúgbó. Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń já lé lórí ni àlejò tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí ti onílé.

Kí á tó kan àwọn tí a fura sí, ó yẹ kí á dárúkọ àwọn tó kú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn ọ̀ràn yìí mọ orúkọ ogún afurasí lórí, ṣùgbọ́n wọn kò lè ka àwọn obìnrin márààrún tán láìṣì í. Mary Ann Nichols ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Buck's Row, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Annie Chapman tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ní ẹ̀yìnkùlé ilé 29 ní Hanbury Street. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, àwọn méjì ni wọ́n kú láàárín wákàtí kan: Elizabeth Stride ní àgbàlá kan ní Berner Street, àti Catherine Eddowes ní Mitre Square. Mary Jane Kelly ni ó gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá. Inú yàrá rẹ̀ ní Miller's Court ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, òun nìkan ni a sì pa lábẹ́ òrùlé. Ìdí tí Nichols fi wà níta lóru ọjọ́ tí ó kú kò ju kọ́bọ̀ mẹ́rin lọ. Iye tí wọ́n ń gbà fún ibùsùn òru kan ní ilé tí àwọn tálákà ń sùn sí nìyẹn. Kò ní in lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí ó jáde. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Chapman rí. Ìwé ìròyìn ìgbà náà pe gbogbo wọn ní aṣẹ́wó. Ní ọdún 2019, Hallie Rubenhold kọ ìwé kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní The Five, ó sì sọ níbẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí pé mẹ́ta nínú wọn ṣe iṣẹ́ náà rárá. Àwọn kan ti bá a jiyàn, èmi náà kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ka ìwé náà ni mo ti ń ṣọ́ra fún orúkọ tí a bá sọ òkú.

Àwọn mìíràn a máa ka Martha Tabram, tí wọ́n gún pa ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, mọ́ wọn. Èmi yóò fi í mọ ní márùn-ún.

Irú ibo wá ni Whitechapel nígbà náà? Láti ọdún 1881 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Júù tí wọ́n sì ń dáná sun ilé wọn ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù, Whitechapel ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ṣe ilé. Wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń rán bàtà, wọ́n ń gẹ irun, èdè Yiddish ni wọ́n sì ń sọ láàárín ara wọn. Iṣẹ́ kò tó, ilé kò tó, àwọn onílé sì ń kùn. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú ní ìgboro, ariwo tó kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe irú èyí láéláé.

Ẹni tí ariwo náà kọ́kọ́ bà ni John Pizer. Júù ni, aránbàtà ni. Àwọn obìnrin àdúgbò ti ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Leather Apron, ìyẹn Elépírọ́ọ̀nù-awọ bí a bá tú u, tó máa ń dẹ́rù bà wọ́n láti gbowó lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìròyìn The Star gbé ìròyìn náà káàkiri, ni wọ́n bá tún lọ rí épírọ́ọ̀nù awọ kan ní ẹ̀yìnkùlé tí Chapman kú sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, ọlọ́pàá mú Pizer nílé. Ṣé ẹ rí épírọ́ọ̀nù náà? Ọmọ obìnrin kan tó ń gbé nínú ilé ọ̀hún ló ni ín, ìyá rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ti Pizer, ohun tó yọ ọ́ ni pé ní òru tí Nichols kú, ó wà ní Holloway Road tó jìnnà sí ibẹ̀, ó ń wo ìmọ́lẹ̀ iná ńlá kan tó ń jó ní èbúté, ó sì bá ọlọ́pàá kan sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un wá síwájú kọ́rónà Wynne Baxter kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Bí iná kò bá jó ní èbúté lọ́jọ́ náà, tí Pizer sì lọ sùn ní tirẹ̀ bí ọmọlúwàbí, ta ni ì bá jẹ́rìí gbè é?

Òru ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni ó gbé ọ̀rọ̀ èdè wọ inú ọ̀ràn yìí pátápátá. Nígbà tí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Israel Schwartz ń kọjá lọ ní Berner Street. Ó rí ọkùnrin kan tó dúró bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, tó fà á, tó sì bì í ṣubú. Schwartz sọdá sí òdìkejì, ibẹ̀ ni ó ti rí ọkùnrin kejì tó ń tan páìpù rẹ̀. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ obìnrin náà kígbe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Lipski!" Schwartz bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkùnrin kejì sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní aago kan, Louis Diemschutz wọlé sínú àgbàlá náà pẹ̀lú ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀, ó sì bá òkú Stride nílẹ̀.

Schwartz kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí gbólóhùn kan tó ti ẹnu rẹ̀ wọ ìwé ọlọ́pàá tí kò gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá. Nínú ìwé ọlọ́pàá, páìpù ni ó wà lọ́wọ́ ọkùnrin kejì. Nínú The Star ti ọjọ́ kejì, tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ògbufọ̀, páìpù ti di ọ̀bẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ ìwàásù àlejò mọ̀ pé ògbufọ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ti bá a.

Igbe yẹn ńkọ́? Israel Lipski jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin Júù láti Pólàǹdì tí wọ́n so kọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1887 nítorí pé ó pa obìnrin kan tó ń jẹ́ Miriam Angel ní Batty Street. Òpópónà tó tẹ̀ lé Berner Street gan-an ni Batty Street. Ìnspẹ́kítọ̀ Abberline ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé láti ìgbà náà ni àwọn aráàdúgbò ti sọ orúkọ ẹni tí wọ́n so kọ́ yìí di èébú tí wọ́n fi ń bú Júù èyíkéyìí tí wọ́n bá rí. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Schwartz ni wọ́n ń bú, ẹni tó sì ń fi èébú bú Júù kò jọ pé ó lè jẹ́ Júù. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba rò ó pé bóyá orúkọ ọkùnrin kejì ni Lipski, pé apànìyàn ń ké pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá wá ẹni tó ń jẹ́ Lipski kiri àdúgbò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀nà méjì. Ọ̀kan sọ fún wa pé apànìyàn kì í ṣe Júù, èkejì sọ pé àwọn apànìyàn jẹ́ méjì. Abberline bi Schwartz léèrè dáadáa ẹni tí wọ́n kígbe náà sí, kò sì lè sọ. Ní tèmi, ti Abberline ni mo gbà. Ẹni tó bá dé ìlú àjèjì, èébú tí wọ́n ń bú irú rẹ̀ wà lára ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ dá mọ̀ nínú èdè ìlú náà. Èmi kò rò pé Schwartz ṣi ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́.

Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni ọlọ́pàá kan bá òkú Eddowes ní Mitre Square. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ọlọ́pàá mìíràn, Alfred Long, rí ègé aṣọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu àtẹ̀gùn ilé kan ní Goulston Street. Ara épírọ́ọ̀nù Eddowes ni wọ́n ti gé e. Lára ògiri lókè ibi tí aṣọ náà wà, ẹnìkan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan. Àwọn Júù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé inú ilé náà.

Ohun tí Long kọ sínú ìwé rẹ̀, bí mo bá tú u, nìyí: Àwọn Júù ni àwọn ènìyàn tí a kò ní dá lẹ́bi lásán. Ṣùgbọ́n Daniel Halse, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá City, dúró níwájú ògiri kan náà, ohun tí òun kọ sì ni: Àwọn Júù kọ́ ni àwọn ènìyàn tí a ó dá lẹ́bi lásán. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó ṣí nípò nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Nínú Yorùbá tiwa, "kò" ni ó di "kọ́", òkè ògùn sì di odò. Kò tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo túmọ̀ sí "lásán" yẹn, ọ̀rọ̀ àìgbà ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nínú gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ àìgbà mìíràn ti wà ṣáájú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé, ọ̀kan a máa pa èkejì rẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn mẹ̀kúnnù Lọ́ńdọ̀nù, méjèèjì a máa ran ara wọn lọ́wọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ pé "n kò rí ẹnì kankan rárá". Bí a bá kà á báyẹn, ìtumọ̀ ti Long yóò yí padà: Àwọn Júù kì í gba ẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ ò rí i bí ọ̀nà ti pín? Bí a bá kà á ní ti àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ Júù ló ń halẹ̀ pé bí ẹ bá máa dá wa lẹ́bi, a ó ṣe ohun tó tó ẹ̀bi. Bí a bá kà á ní ti ìkẹyìn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni inú ń bí sí àwọn Júù, bóyá nítorí ọjà tí wọ́n tà fún un. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti wà lára ògiri kí apànìyàn tó gba ibẹ̀ kọjá, tí aṣọ kàn bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Èyí ni èmi rò pé ó súnmọ́ òótọ́ jù.

A kò lè padà lọ wo ògiri náà. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjà Petticoat Lane fẹ́ ná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń bọ̀ lọ́nà. Sir Charles Warren, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, dé fúnra rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá City ní kí wọ́n dúró de ẹni tí yóò ya fọ́tò rẹ̀. Halse ní kí wọ́n nu ìlà òkè nìkan kúrò. Warren kọ̀. Ó ní bí àwọn ènìyàn bá rí i, wọn yóò ya wọ ilé àwọn Júù, ẹ̀mí yóò sì bọ́. Bí a bá sì fi nǹkan bò ó, wọn yóò fà á ya. Wọ́n nù ún ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ti bú ọkùnrin yìí láti ọjọ́ náà, àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ awo ni ó ń dáàbò bò, nítorí bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà orúkọ àwọn Júù lára ògiri náà ṣàjèjì. Èmi kò bá wọn bú u. Ẹ̀rí tí ó sọnù dùn mí bí ẹni tó ń kọ́ èdè, nítorí fọ́tò kan ṣoṣo ì bá ti parí ìjà Long àti Halse. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà níbẹ̀, tí mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Pizer ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, n kò rò pé n ó dá ọwọ́ ẹni tó mú kànìnkànìn dúró.

Lẹ́tà tí mo ṣèlérí wá dà? Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ni ó dé ọ́fíìsì Central News Agency, táǹdà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ kí ọ̀gá wọn, ó sì fọwọ́ sí i pé Jack the Ripper ni òun. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, káàdì kan tẹ̀ lé e. Àwọn ọlọ́pàá tẹ̀ wọ́n jáde, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri káàkiri bóyá ẹnìkan á mọ ìkọ̀wé náà. Ohun tí wọ́n rí gbà kò ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn aláwàdà tí gbogbo wọn ń pe ara wọn ní Jack. Ní ọdún 1913, John Littlechild tó ti jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá rí kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé akọ̀ròyìn Central News kan báyìí ni àwọn gbà pé ó kọ ọ́. Ní ọdún 2018, Andrea Nini, onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Manchester, gbé àwọn lẹ́tà náà yẹ̀ wò láti inú bí wọ́n ti ń to ọ̀rọ̀, ó sì rí i pé ó jọ pé ẹnìkan náà ló kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ àti káàdì yẹn. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi nínú ni èyí. Kò sọ ẹni tó pa ènìyàn, kò sì díbọ́n pé òun sọ ọ́. Bí Littlechild bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ló sọ apànìyàn lórúkọ.

Wàyí o, àwọn orúkọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1894, Melville Macnaghten, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá, kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀ nínú ìwé kan: Druitt, Kosminski àti Ostrog. Orí ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn dúró lé títí di òní. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé Macnaghten kò tíì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1888. Ọdún 1889 ni ó wọ̀ ọ́. Ostrog kò ní gbà wá lákòókò. Olè ni, onírọ́ ni, ọmọ Rọ́ṣíà sì ni, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí rí i nígbẹ̀yìn pé ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Faransé ni ó wà nígbà tí wọ́n ń pa àwọn obìnrin wọ̀nyí.

Montague John Druitt ni ti ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ òfin. Macnaghten ní dókítà ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Lọ́yà ni, olùkọ́ sì ni ní Blackheath; ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó kú. Wọ́n yọ òkú rẹ̀ nínú odò Thames ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1888. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́ olùkọ́, ìyá rẹ̀ wà ní ilé àwọn alárùn ọpọlọ, ó sì fi ìwé sílẹ̀ pé òun ń bẹ̀rù kí òun má baà dà bí ìyá òun. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí ó fi pa ara rẹ̀ kò nílò láti lọ sí Whitechapel. Ọ̀rẹ́ mi a ní ṣùgbọ́n Macnaghten sọ pé òun gbọ́ ní ìkọ̀kọ̀ pé ẹbí rẹ̀ pàápàá fura sí i. Ta ló sọ fún un? Kò kọ ọ́. Kí ló sọ? Kò kọ ìyẹn náà. Ohun tó kù ni pé Kelly kú ní oṣù kọkànlá, Druitt kú ní oṣù kejìlá, pípa sì dáwọ́ dúró. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí wọ́n bá ń fi èyí dájọ́ ní ilé-ẹjọ́, kí ọ̀rẹ́ mi yáa wá iṣẹ́ mìíràn kọ́.

Kosminski ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Ní ọdún 1910, Sir Robert Anderson, tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní 1888, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé Júù láti Pólàǹdì ni apànìyàn náà, pé ẹlẹ́rìí kan dá a mọ̀, ṣùgbọ́n pé nígbà tí ẹlẹ́rìí náà gbọ́ pé Júù bíi tòun ni, ó kọ̀ láti jẹ́rìí. Donald Swanson tó bá a ṣiṣẹ́ ka ìwé yìí, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé tirẹ̀ pé Kosminski ni ẹni náà, pé wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn alárùn ọpọlọ, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ọdún 1987 ni ayé tó rí ohun tí Swanson kọ.

Aaron Kosminski ni orúkọ tí àwọn olùwádìí bá nínú ìwé ilé ìtọ́jú náà. Onígbàjámọ̀ ni. Oṣù kejì ọdún 1891 ni ó wọ Colney Hatch, ó lé ní ọdún méjì lẹ́yìn ikú Kelly. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, búrẹ́dì inú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì ni ó ń ṣà jẹ. Ìwé tí wọ́n fi gbà á wọlé sọ pé kì í ṣe ẹni tó léwu fún ẹlòmíràn. Ó gbé àga sókè sí òṣìṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé e lọ sí Leavesden ní 1894, ibẹ̀ ni ó sì wà títí tó fi kú ní ọdún 1919. Ẹni tí Swanson ní kò pẹ́ tó fi kú ṣì wà láàyè nígbà tí ìwé Anderson jáde, ó sì lo ọdún mẹ́sàn-án sí i.

Ta wá ni ẹlẹ́rìí? Anderson kò dárúkọ rẹ̀. Nínú àwọn Júù tí a mọ̀ pé ó rí ọkùnrin kan pẹ̀lú obìnrin tó kú, ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń bá: Schwartz, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ẹnu ògbufọ̀, àti Joseph Lawende, tí n ó padà bá. Ṣùgbọ́n ohun tó bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ Anderson ni àwíjàre pé Júù kì í fa Júù lé òfin lọ́wọ́. Samuel Montagu, aṣòfin tó ń ṣojú Whitechapel, Júù ni, òun ló sì mú ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kalẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1888 fún ẹni tó bá lè tọ́ka apànìyàn náà. Àwọn oníṣòwò Júù wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Agbẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé ìtọ́jú sì ni Kosminski wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀.

Ìborùn ọ̀rẹ́ mi onísáyẹ́ǹsì kò yí èyí padà. Wọ́n ní ara òkú Eddowes ni ọlọ́pàá kan ti mú un, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ka gbogbo ohun tó wà lára obìnrin náà lóru ọjọ́ yẹn, títí kan ṣúgà àti ọṣẹ àpò rẹ̀, ìborùn olówó ńlá kò sì sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kàn án. Àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 dá lórí irú DNA tí ọmọ ń jogún láti inú ìyá nìkan, èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè jọ ní lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè yọ ènìyàn kúrò nínú ẹjọ́. Kò lè nawọ́ sí ẹnìkan pàtó.

Abberline ní tirẹ̀ nawọ́ sí ẹlòmíràn ní 1903: Severin Klosowski, ọmọ Pólàǹdì tó ń pe ara rẹ̀ ní George Chapman, tí wọ́n so kọ́ lọ́dún náà nítorí ó fi májèlé pa obìnrin. Àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ní ó pa, ìyàwó ni ó ń pè wọ́n, ilé rẹ̀ ni wọ́n sì kú sí díẹ̀díẹ̀. N kò rí bí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ pa àjèjì ní ìgboro ṣe máa wá di ẹni tó ń rọra fi májèlé pa aya. Littlechild nawọ́ sí Francis Tumblety, oníṣègùn èké láti Amẹ́ríkà tó sá lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1888; ẹjọ́ mìíràn ni ó ń sá fún. Ní ti Ọmọba Albert Victor, Scotland ni ó wà lóru tí Stride àti Eddowes kú. Ìwé ìrántí tí wọ́n ní James Maybrick kọ jáde ní 1992. Ẹni tó mú un jáde sọ lẹ́yìn náà pé irọ́ ni, ó tún wá sọ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí á fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, ìwọ wá ńkọ́, ta ni ìwọ fura sí? Nínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni kò gba ẹnu ẹnikẹ́ni kọjá: ègé épírọ́ọ̀nù Eddowes. Ẹni tó fẹ́ sá kúrò ní àdúgbò láti Mitre Square ì bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó wọ inú City lọ. Goulston Street wà ní ìhà kejì, ní ojú ọ̀nà tó padà sínú Whitechapel, nígbà tí ọlọ́pàá ti ń fọn fèrè káàkiri. Èmi gbà pé ilé ni ó ń lọ. Èyí yọ Druitt àti ọmọba kúrò lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ó ku ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀, Júù àti ẹni tí kì í ṣe Júù, tí ọ̀pọ̀ wọn kò fi orúkọ sílẹ̀ níbì kankan, mo sì rò pé inú àwọn wọ̀nyẹn ni ó wà. N kò ní orúkọ kankan láti dá.

Lawende, ẹlẹ́rìí kejì yẹn, ń ti ilé ẹgbẹ́ bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lóru ọjọ́ náà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó rí òkú Eddowes, ó rí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tóóró tó wọ Mitre Square, tó gbé ọwọ́ lé àyà ọkùnrin kan. Nígbà tí wọ́n gbé aṣọ òkú náà hàn án, ó ní irú aṣọ tí obìnrin yẹn wọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, ó dúró níwájú kọ́rónà, wọ́n sì bi í léèrè bóyá yóò dá ọkùnrin náà mọ̀ bí ó bá tún rí i. Ó ní òun kò rò bẹ́ẹ̀.